Odò Kọ́ Ni Òdo: bí a ṣe kọ́ dátábéèsì fún kíka mọ́sẹ̀lì odò ní Ilé-Ifẹ̀

Fáìlì mẹ́rin

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹ̀gbọ́n mi yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Lagere. Wọ́n gbé fláàṣì kan lé orí káńtà, wọ́n ní, "Àbúrò, fáìlì Excel mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀. Bá mi dà wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ kékeré ni." Ẹni tó bá ti bá olùwádìí ṣiṣẹ́ rí á mọ̀ pé "iṣẹ́ kékeré" yẹn dà bí ìgbà tí ọkọ bá sọ fún ìyàwó pé àlejò mẹ́ta péré ló ń bọ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ló gbà wá. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ lè yẹra fún kòtò tí mo já sí.

Ẹ̀dá inú omi ni ẹ̀gbọ́n ń ṣèwádìí lé lórí ní yunifásítì, mọ́sẹ̀lì odò ni wọ́n sì yàn láàyò. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀dá oníkarahun méjì ni, ìkarahun méjèèjì so pọ̀ lẹ́yìn bí ìwé. Inú iyanrìn tàbí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò ló máa ń rì ara rẹ̀ sí. Á la ẹnu díẹ̀, á máa fa omi wọlé, á sẹ́ oúnjẹ inú omi náà bí ìyá ológì ṣe ń sẹ́ ògì, á sì tú omi tó ṣẹ́kù padà sódò. Kì í ṣe ìsáwùrú o. Ìkarahun kan ṣoṣo tó wé bíi ti ìgbín ni ìsáwùrú ní. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tí a bi léèrè lẹ́bàá odò, ìsáwùrú ni wọ́n pe méjèèjì, ọ̀rọ̀ yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ da iṣẹ́ wa rú.

Irú mọ́sẹ̀lì odò tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ lágbàáyé lé ní 800. Lọ́dọ̀ tiwa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, inú iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni àwọn bíi Mutela, Aspatharia àti Coelatura ń gbé. Etheria ní tirẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ àpáta, ibẹ̀ náà ni yóò sì wà títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ wọn gba ìṣọ́ra ni pé ọmọ wọn kì í dá dàgbà. Nígbà tí wọ́n bá kéré débi tí ojú kò fi lè rí wọn, ara ẹja ni wọ́n máa ń so mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n á wà fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó já bọ́ sí ìsàlẹ̀ odò. Ibi tí ẹja kò bá lè kọjá, àwọn náà kò lè kọjá níbẹ̀. Nílùú tí wọ́n ti fi dáàmù dí odò Opa láti 1978, ó yẹ kéèyàn béèrè ohun tó wà lókè dáàmù àti ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni ẹ̀gbọ́n ń bá kiri.

Odò kan tó ń jẹ́ "1"

Mo ṣí àwọn fáìlì náà. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ló kọ wọ́n, kálukú pẹ̀lú ọgbọ́n orí tirẹ̀. Odò kan náà ni ẹnì kan pè ní "Opa", tí ẹnì kejì pè é ní "OPA RIVER", tí ẹnì kẹta kọ "dam", tí ẹnì kẹrin sì kọ "ibi ti a lo lana". Ní ti ọjọ́, ẹnì kan kọ 03/04. Ṣé ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin ni àbí ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta? Láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe, òun fúnra rẹ̀ kò sì rántí mọ́.

Mo kọ kóòdù Python kékeré kan láti da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Mo ní kí òpó, ìyẹn ìlà tó ń ti òkè lọ sísàlẹ̀ nínú fáìlì, tí orúkọ wọn bá jọra lọ sójú kan náà. Mo tẹ̀ ẹ́, mo lọ rẹ gààrí, mo padà dé, mo bá odò kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ "1". Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n ti lọ sí odò "1".

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá á ti máa rẹ́rìn-ín. Nínú fáìlì kìíní, òpó "odo" ni orúkọ odò wà. Nínú fáìlì kẹta, òpó "odo" jẹ́ òdo: ọmọ náà ń fi 1 síbẹ̀ nígbàkígbà tí wọn kò bá rí mọ́sẹ̀lì kankan. Kò sí àmì ohùn lórí èyíkéyìí. Kóòdù mi kò gbọ́ Yorùbá, ó rí "odo", ó tún rí "odo", ó so wọ́n yìgì.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi. Nígbà tí mo tú wọn ká tán, mo rí i pé ọmọ tó kọ fáìlì kẹta yẹn nìkan ló ń kọ òdo. Àwọn mẹ́ta yòókù, níbi tí wọn kò bá ti rí nǹkan kan, wọ́n á fi àyè sílẹ̀ lófo, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ kọ ìlà kankan. Mo pe ọ̀kan nínú wọn lórí fóònù.

"Sátidé tẹ́ ẹ jáde yẹn, ṣé ẹ dé ìsàlẹ̀ afárá?"

"A débẹ̀ sà. A wá a fún odidi wákàtí kan. A ò rí nǹkan kan."

"Kí ló dé tí kò sí nínú fáìlì?"

"Sà, kí ni kí n wá kọ, nígbà tí mi ò rí nǹkan?"

Ọmọ dáadáa ni, kò sí ẹni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ibi tí a wá tí a kò rí, àti ibi tí a kò dé rárá, ojú kan náà ni wọ́n ní nínú fáìlì rẹ̀. Bí ẹnì kan bá padà lọ sí ìsàlẹ̀ afárá yẹn lọ́dún márùn-ún sí i, tó sì kó mọ́sẹ̀lì mẹ́ta jáde, báwo ló ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, àbí wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò wò wọ́n? Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe mọ́sẹ̀lì gan-an ni mo fẹ́ kọ́ ilé fún. Àìrí ni.

Tábìlì kan kò gbà á

Síbẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ kò ju ti àwọn ọmọ náà lọ. Mo ṣe tábìlì kan ṣoṣo, ìlà kan fún mọ́sẹ̀lì kọ̀ọ̀kan: odò, ọjọ́, irú, gígùn. Ó mọ́ lójú. Ẹ̀gbọ́n wò ó fún bí ìṣẹ́jú méjì, wọ́n ní, "Ọjọ́ tí a bá lọ tí a ò rí ńkọ́? Ibo ló máa sùn?" Ẹnu mi wọ̀. Bó bá jẹ́ pé mọ́sẹ̀lì ló ni ìlà, ọjọ́ tí kò bá sí mọ́sẹ̀lì kò ní ìlà nìyẹn. Àṣìṣe tí àwọn ọmọ fi ọwọ́ kọ, èmi fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n.

Mo tú u palẹ̀, mo tún un kọ́ sí tábìlì mẹ́ta nínú PostgreSQL, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ dátábéèsì. Àkọ́kọ́ ni ibùdó, ìyẹn ojú ibi tí a dúró sí lẹ́bàá odò. Ìkejì ni ìbẹ̀wò: ọjọ́ wo, agogo mélòó sí mélòó, èèyàn mélòó, báwo ni omi ṣe rí. Ìkẹta ni ohun tí a rí. Ibùdó ló bí ìbẹ̀wò, ìbẹ̀wò ló bí ohun tí a rí, ìbẹ̀wò sì lè wà láìbímọ. Bó bí, ó dáa. Bí kò bí, orúkọ rẹ̀ kò ní tìtorí ìyẹn parẹ́ nínú ìdílé.

Lórí tábìlì ìbẹ̀wò ni mo fi òpó tó dùn mọ́ mi jù sí. Ìdáhùn mẹ́ta péré ló gbà: "a rí", "a wá, a ò rí", "a ò lè wá". Kò sí èyí tí ẹ̀rọ á bá ọ yàn tẹ́lẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí o fi pamọ́ bí o kò bá tíì yan ọ̀kan. Ìkẹta yẹn wà fún ọjọ́ tí omi bá kún tàbí tí ilẹ̀ ibẹ̀ kò dára láti sọ̀ kalẹ̀ sí. Ìyẹn náà kì í ṣe òdo.

Ọ̀rọ̀ orúkọ òpó, mo gba ọ̀nà míì yọ. Ìlànà kan wà tí àwọn tó ń pa àkọsílẹ̀ ẹ̀dá mọ́ káàkiri ayé ń lò, Darwin Core ni wọ́n ń pè é, 2009 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ó ti sọ orúkọ tí òpó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́. Òpó "a rí, a ò rí" mi ti ní orúkọ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, occurrenceStatus. Ọjọ́ ni eventDate, ọdún ló ń ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ wá kẹ́yìn, kò sí pé 03/04 ń da orí rú mọ́. Ní abẹ́, orúkọ Darwin Core ni mo lò. Lójú fọ́ọ̀mù, Yorùbá ni, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé. Odò àti òdo kò tún pàdé mọ́. Àǹfààní míì tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n bá ṣe tán, a lè fi dátà náà ránṣẹ́ sí GBIF ní Copenhagen, níbi tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ẹ̀dá gbogbo ayé jọ sí, láìtún un kọ.

Òdo pẹ̀lú ìṣẹ́jú

Mo rò pé a ti parí. Ẹ̀gbọ́n ní rárá. Èèyàn méjì wá nǹkan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn ò rí i. Èèyàn mẹ́fà wá a fún wákàtí méjì, wọn ò rí i. Ṣé òdo kan náà ni? Èkíní jẹ́ ìdámẹ́ta wákàtí iṣẹ́ ẹnì kan, èkejì jẹ́ wákàtí méjìlá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pín iye tí a rí sí iye wákàtí tí a fi wá a: bí ẹni mẹ́rin bá wá a fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n rí mẹ́fà, mẹ́ta-mẹ́ta ni fún wákàtí iṣẹ́ ẹnì kan.

Mo fi òpó "ìṣẹ́jú" síbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti bàjẹ́. Àwọn kan ń kọ 30, torí agogo ni wọ́n wò. Àwọn kan ń kọ 120, torí wọ́n ti fi iye èèyàn sọ ọ́ di púpọ̀ fúnra wọn, wọ́n ń bá mi ṣe iṣẹ́ mi. Ẹ̀rọ tún wá sọ 120 di 480. Mo yọ òpó náà kúrò. Báyìí, fọ́ọ̀mù kò béèrè ìṣẹ́jú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ń béèrè agogo tí ẹ bẹ̀rẹ̀, agogo tí ẹ jáde nínú omi, àti iye yín. Ìṣirò di ti ẹ̀rọ.

Lẹ́bàá odò

Mo tẹ̀ lé wọn lọ sódò nígbà mẹ́ta, mo sì gba gbogbo ẹni tó bá ń kọ́ fọ́ọ̀mù nímọ̀ràn pé kó lọ síbi tí wọ́n ti máa lò ó. Nínú ṣọ́ọ̀bù, fọ́ọ̀mù mi lẹ́wà. Nínú odò, ọwọ́ gbogbo èèyàn tutù, oòrùn ń ràn lójú fóònù, ẹnì kan ṣoṣo ló wà lókè tó lè tẹ nǹkan, àwọn yòókù ń ké iye sí i láti inú omi. Mo sọ bọ́tìnnì di ńlá. Mo yí fọ́ọ̀mù padà kó tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe ń ké e: ààyè tàbí òkú ló kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu wọn, gígùn tẹ̀ lé e, irú rẹ̀ ló kẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀, irú ni mo fi síwájú, akọ̀wé wa á kàn dúró gbagidi.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí lápá ibẹ̀ rárá. Fọ́ọ̀mù náà ń pa gbogbo nǹkan mọ́ sínú fóònù títí wọ́n á fi padà sí ojú títì, ibẹ̀ ló ti ń fi ránṣẹ́. Ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí fóònù dá fún un látìbẹ̀rẹ̀, torí náà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín tí fóònù sì tún un fi ránṣẹ́, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí dátábéèsì wà lórí rẹ̀, á mọ̀ pé òun ti gbà á. Kí n tó ṣe ìyẹn, Sátidé kan wà tí odò kan ní ìbẹ̀wò márùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la lọ.

Férémù tí wọ́n fi ń pín ilẹ̀ odò náà ní ìtàn tirẹ̀. Onígun mẹ́rin ni, sẹ̀ǹtímítà 50 lọ́nà méjèèjì, mẹ́rin rẹ̀ ló pé mítà kan níbùú lóòró. Wọ́n á gbé e lé ilẹ̀ odò, wọ́n á fi ọwọ́ tá gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á sún un síwájú. Páìpù oníke ni mo rà ní Sabo tí mo so pọ̀, mo sì gbé e lọ bí akọni. A jù ú sómi, ó léfòó, ó ń bá omi lọ. Ọmọkùnrin kan lúwẹ̀ẹ́ lépa rẹ̀. A padà wálé, a lu ihò sí i lára yíká kí omi lè kún inú rẹ̀, ìgbà yẹn ló tó rì. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti mọ ihò yẹn tipẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Èyí tí wọ́n bá rí láàyè, wọ́n á fi kálípà wọn gígùn rẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà, wọ́n á sì dá a padà síbi tí wọ́n ti mú un, apá ẹsẹ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀, kó lè tún rì ara rẹ̀. Mo fi ìyẹn ṣe ìbéèrè tó kẹ́yìn nínú fọ́ọ̀mù: "Ṣé ẹ ti dá wọn padà?" Fọ́ọ̀mù kò ní tì bí ẹ kò bá dáhùn. Ìkarahun òfìfo náà ń wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni: èyí tí inú rẹ̀ ṣì ń dán, tí kò tíì pẹ́ tó kú, àti èyí tó ti funfun ẹfun, tó ń rún lọ́wọ́. Èyí àkọ́kọ́ sọ fún ọ pé nǹkan kan ń gbé nítòsí. Èkejì lè ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tàbí kó jẹ́ pé àgbàrá ló gbé e wá láti òkè odò.

Gígùn fẹ́ dójú tì wá. Ẹnì kan kọ 64, ẹnì kan kọ 6.4, mọ́sẹ̀lì kan náà. Mílímítà ni a ń lò, torí náà nọ́ńbà èyíkéyìí tó bá kéré sí 10, fọ́ọ̀mù á béèrè pé, "Ṣé mílímítà ni?" Kò kọ̀ ọ́ o, ó kàn béèrè ni. Ọmọ mọ́sẹ̀lì tó kéré tó bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, òun gan-an ni ẹ̀gbọ́n sì ń gbàdúrà láti rí, torí pé rírí ọmọ ni ẹ̀rí pé wọ́n ṣì ń bímọ níbẹ̀. Mọ́sẹ̀lì àgbà kì í tètè kú. Àwọn irú kan wà ní Yúróòpù tó ń lò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Odò lè kún fún arúgbó láìsí ọmọ kankan láàárín wọn.

Ọjọ́ kan tí a gba ọ̀nà Iléṣà, omi odò tí a dé pupa bí omi tí wọ́n fi fọ amọ̀. Wọ́n ń wa góòlù lápá ibẹ̀, ẹrẹ̀ ibi tí wọ́n gbẹ́ ló ń ṣàn wọ odò. Ẹ̀dá tó jẹ́ pé fífa omi sẹ́ ló fi ń jẹun, ẹ lè fojú inú wo ohun tí ìyẹn máa ṣe fún un. Ìgbà náà ni a fi òpó tuntun kún ìbẹ̀wò, fún bí omi ṣe mọ́ tó. Àwo róbótó dúdú òun funfun kan, sẹ̀ǹtímítà 20, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: wọ́n á so okùn mọ́ ọn, wọ́n á rì í sínú omi títí ojú kò fi ní rí i mọ́, wọ́n á wọn okùn náà. Àlùfáà ará Ítálì kan, Angelo Secchi, ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní 1865. Tiwa, ìdérí ike ọ̀dà ni, mo fi ọ̀dà kun ún fúnra mi. Lọ́jọ́ Iléṣà yẹn, kò tíì rì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ tí a kò fi rí i mọ́. "A ò lè wá" ni wọ́n yàn nínú fọ́ọ̀mù, mo sì dúpẹ́ pé mo ti fi síbẹ̀.

Mọ́sẹ̀lì lọ sí Opobo

Mo fi máàpù sí i, mo pe ẹ̀gbọ́n wá wò ó. Ìdajì àwọn àmì wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ìdajì yòókù wà ní etí òkun, lápá Opobo. Ilé-Ifẹ̀ wà ní bíi digírì 7.5 sí àríwá àti digírì 4.5 sí ìlà-oòrùn. Ẹni tó bá kọ wọ́n ní ìyípadà, tó fi 4.5 ṣáájú, etí òkun Opobo ló bá ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní, "Wọ́n lọ kí àwọn ìbátan wọn." Mo fi ìlà kan yí agbègbè iṣẹ́ wa ká nínú PostGIS, àfikún PostgreSQL fún iṣẹ́ máàpù, ohunkóhun tó bá bọ́ sóde rẹ̀, ẹ̀rọ á dá a padà.

Ìyẹn rọrùn. Èyí tó jẹ mí lóru ni ti àwọn àmì kan tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí wọn kò sí nínú omi. Wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ, gbogbo wọn yẹ̀ sápá kan náà, bíi ọgọ́rùn-ún mítà sí ìlà-oòrùn ibi tó yẹ kí wọ́n wà. Àṣìṣe ọwọ́ kì í bára mu tó bẹ́ẹ̀. Mo bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọ́n fi mú àmì náà, wọ́n ní GPS àtijọ́ kan tí wọ́n yá lọ́wọ́ sọ̀fẹ́yọ̀. Ibẹ̀ ni iná tàn. Minna ni GPS sọ̀fẹ́yọ̀ wà, ìyẹn ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n ti ń lò ní Nàìjíríà látayébáyé. Fóònù àti máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì, WGS84 ni wọ́n ń lò, ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ti gbogbo ayé. Nọ́ńbà kan náà kò tọ́ka sí ojú ilẹ̀ kan náà nínú méjèèjì, lọ́dọ̀ wa níbí ó sì fi bíi ọgọ́rùn-ún mítà yàtọ̀. PostGIS mọ bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀kan sí èkejì. Iṣẹ́ ìlà kan ni, lẹ́yìn alẹ́ méjì tí mo fi ń bú Google Maps láìjẹ̀bi.

Máàpù tí gbogbo ayé lè rí kò fi ojú ibùdó gan-an hàn. Ìdá ọgọ́rùn-ún digírì la gé e mọ, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà kan, kí ẹnikẹ́ni má baà fi máàpù wa wá ibi tí yóò ti lọ kó wọn tà.

Ẹ̀sìnmìrìn méjì

Àwọn odò kéékèèké inú ìlú náà wà nínú ìwádìí, Ẹ̀sìnmìrìn sì wà lára wọn, odò tí Mọremí jẹ́jẹ̀ẹ́ fún. Mo wá Ẹ̀sìnmìrìn nínú dátábéèsì, ìbẹ̀wò méjì jáde. Mo mọ̀ pé mẹ́rin ni. Mo wo àkọsílẹ̀ náà, orúkọ méjèèjì jọra bí ìbejì. Kọ̀ǹpútà ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà lórí fóònù ló fà á. Ọ̀kan ń kọ E pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, ó wá gbé àmì òkè lé e. Òmíràn ń kọ E tó ti ní àmì òkè tẹ́lẹ̀, ó wá fi ti ìsàlẹ̀ sí i. Lójú wa ọ̀kan ni, nínú ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń pa lẹ́tà gbogbo èdè mọ́, ní àtúnṣe fún ìyẹn, NFC ni wọ́n ń pè é, mo sì ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ kọjá níbẹ̀ kó tó wọlé. Ó ṣiṣẹ́, ìbẹ̀wò di mẹ́ta. Ìkẹrin wá ńkọ́? Ẹni tó kọ ọ́ ń lo bọ́ọ̀dù tó ń fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán sábẹ́ lẹ́tà, bíi ti inú Bíbélì àtijọ́, dípò tòótò, ìyẹn àmì róbótó kékeré. NFC kò ka ìlà yẹn àti tòótò sí ọ̀kan. Mo ní láti fọwọ́ ara mi kọ òfin tó ń sọ ìlà di tòótò. Àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ fún Yorùbá, ẹ kọ èyí sára ògiri yín.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, mo gba orúkọ odò kúrò lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Wọn kò kọ ọ́ mọ́, wọ́n ń yàn án ni.

A rí àti a gbọ́

Bàbá apẹja kan tó ń da àwọ̀n lápá ìsàlẹ̀ dáàmù jókòó tì wá lọ́jọ́ kan, wọ́n ń wò wá bí a ṣe ń tá iyanrìn. Wọ́n ní, "Ìsáwùrú pẹlẹbẹ lẹ̀ ń wá yẹn? Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ẹsẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n nínú odò, á gé èèyàn lẹ́sẹ̀." Inú ẹ̀gbọ́n dùn débi pé wọ́n fẹ́ kí n kọ ọ́ sí tábìlì lójú ẹsẹ̀. Èmi ò gbà. Ọ̀rọ̀ bàbá ṣe iyebíye, ṣùgbọ́n kò ní ọjọ́, kò ní iye, a kò sì mọ̀ bóyá mọ́sẹ̀lì gan-an ni wọ́n ń sọ. A fa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, ọjọ́ yẹn nìkan ni a bá ara wa jà nínú oṣù mẹ́rin.

Ibi tí a já a sí nìyí: òpó kan wà báyìí fún irú ẹ̀rí, "a rí i" tàbí "a gbọ́ ọ". Èyí tí a gbọ́ kì í wọ ìṣirò, ṣùgbọ́n ó ń wọ máàpù pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Òpó míì tún wà fún orúkọ tí ẹni náà fi pè é, bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́. "Ìsáwùrú pẹlẹbẹ" wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á yan orúkọ ti àwọn onímọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá rí ìkarahun gidi mú dání. Bí wọn kò bá rí, "kò tíì dájú" náà jẹ́ ìdáhùn tí a lè yàn.

Sáfà

Èyí kò gbà mí ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Sáfà tí a kọ́kọ́ háyà lọ́wọ́ àwọn kan dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọn kò sì gbé fóònù títí di ọ̀túnla. Ohun tó gbà wá ni pé ní aago méjì òru lójoojúmọ́, dátábéèsì ń tú ara rẹ̀ sí fáìlì kan, fáìlì náà ń lọ síbòmíì. A gbé e sórí sáfà tuntun, ìbẹ̀wò kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀, ó sì wà nínú fóònù ọmọ tó kọ ọ́. Mo ti dán pípadàbọ̀ ẹ̀dà náà wò nígbà méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, fáìlì òfìfo ló jáde: àyè ti tán lórí dísìkì láti ọ̀sẹ̀ kan, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ibi tí a dé

Fáìlì Excel mẹ́rin yẹn ti wọlé tán. Nǹkan bí ìdámẹ́rin àwọn ìbẹ̀wò inú wọn ni mo ní láti sàmì sí pé "àbájáde kò dájú", torí mi ò lè fi òdo sí ẹnu ẹni tí kò sọ òdo. Ó dun ẹ̀gbọ́n, ó dun èmi náà. Ìlà 03/04 ṣì wà níbẹ̀ láìní ọjọ́.

Ó ku fọ́ọ̀mù fún ẹja, kí a lè kọ ẹja tó wà ní ibùdó kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ó ku ọ̀rọ̀ fọ́tò: wọ́n tóbi jù, wọ́n ń jẹ dátà àwọn ọmọ, mo fẹ́ kí fóònù máa sọ wọ́n di kékeré kó tó fi wọ́n ránṣẹ́.

Lánàá, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń pariwo, fóònù mi dún. Ìbẹ̀wò tuntun wọlé. Ọmọ tó béèrè lọ́wọ́ mi nígbà yẹn pé kí ni kí òun wá kọ ló fi ránṣẹ́. Ẹ̀sìnmìrìn, ibùdó 2. Èèyàn mẹ́rin, aago 3:10 sí 3:50. Férémù 20. A wá, a ò rí. Nísàlẹ̀, níbi tí mo fi sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tó bá wu èèyàn, ó kọ pé: "Sà, òdo ni o, kì í ṣe odò."